Omi Ọṣẹ Apakòkòrò àti Ilẹ̀ Oko Wa

Nínú ìwé ìròyìn yìí, a máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nípa irúgbìn, ajílẹ̀ àti àwọn kòkòrò tí ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá lónìí lè kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu, nítorí pé inú balùwẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé oko. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn èròjà apakòkòrò tí a ń pò mọ́ ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ ìfọyín àti ìpara, àti ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí omi bá gbé wọn wọ inú ilẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo bẹ ìyá kan wò tí ó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Omi ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò náà, nítorí náà ìyá ti la ojú àgbàrá kékeré kan láti ẹnu balùwẹ̀ títí dé ìdí ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo béèrè ohun tí ó wà nínú omi náà, ó fi ọwọ́ sọ̀yà fún mi pé kò léwu rárá. Ó ní, "Ọmọ mi, ọṣẹ apakòkòrò ni gbogbo wa fi ń wẹ̀ nínú ilé yìí. Kòkòrò wo ni ó tún kù nínú omi náà tí yóò ba ẹ̀fọ́ mi jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí dùn létí, ó sì jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé gan-an ni ohun tí ó yẹ kí ó kọ ọ́ lóminú. Lọ́nà kìíní, omi tí a ti fi wẹ̀ kì í mọ́, ọṣẹ yòówù tí a bá lò. Ìdọ̀tí ara wa ni ó ń gbé lọ. Lọ́nà kejì, èròjà tí ń pa kòkòrò lára ènìyàn kò mọ ìgbà tí ó kúrò lára tí ó sì dé orí ilẹ̀. Iṣẹ́ pípa tí a rán an náà ni yóò máa jẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí yóò bá nínú ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa.

ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ TÍ A KÒ FI OJÚ RÍ

Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan láti inú oko tí ó lọ́ràá, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju iye ènìyàn tí ó wà ní gbogbo ayé lọ. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó ń fa àrùn. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ ń ṣiṣẹ́ fún àgbẹ̀ láì gba owó. Àwọn ni wọ́n ń mú kí ewé tí ó já sílẹ̀ jẹrà, tí pòròpórò àgbàdo àti ìgbẹ́ adìẹ fi ń di oúnjẹ fún ohun ọ̀gbìn. Bí kò bá sí wọn, ìgbẹ́ adìẹ tí ẹ dà sí oko ní ọdún yìí yóò wà níbẹ̀ bí ẹ ti dà á sí.

Ẹ fa ẹ̀wà tàbí sóyà kan tu nígbà tí ó bá fẹ́ tanná, kí ẹ rọra gbọn erùpẹ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ó so mọ́ gbòǹgbò. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan nínú wọn: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Inú àwọn kókó wọ̀nyí ni irú àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé, tí wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì fi ń bọ́ ẹ̀wà náà. Náítírójìn yìí ni ohun kan náà tí ó wà nínú ajílẹ̀ àpò tí a ń fi owó gọbọi rà. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tí a gbin ẹ̀wà sí fi ń ṣe dáadáa fún àgbàdo tí a bá gbìn tẹ̀ lé e. Ẹ má sì gbàgbé ekòló, tí ń lu ilẹ̀ ní ihò kí afẹ́fẹ́ àti omi òjò lè wọlé. Nígbà tí a bá ń sọ pé ilẹ̀ kan lẹ́mìí, àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀mí rẹ̀.

KÍ NI ÀWỌN ÈRÒJÀ APAKÒKÒRÒ NÁÀ?

Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí lé lórí jù lọ. A ó pè wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí orúkọ wọn lára páálí ọṣẹ: triclosan àti triclocarban. Láti ọdún 1957 ni a ti ń lo triclocarban. Ní ti triclosan, ilé ìwòsàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972, níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń fi fọ ọwọ́ kí wọ́n tó la ara aláìsàn. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí fún èyí. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn èròjà wọ̀nyí jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì wọ inú ọṣẹ ìwẹ̀, ọṣẹ ìfọyín, ìpara abíyá, títí kan ìbọ̀sẹ̀ àti pákó tí a ń gé ẹran lé lórí.

Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tufts ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà fi hàn bí triclosan ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé ó máa ń dí ojú ibì kan pàtó nínú ara kòkòrò, níbi tí kòkòrò náà ti ń ṣe ọ̀rá tí ó fi ń mọ ògiri ara rẹ̀. Kòkòrò tí kò lè mọ ògiri kò lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé bí ojú ibẹ̀ bá yí padà díẹ̀ lára kòkòrò kan, èròjà náà kò ní lè mú un mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti fín oògùn kan náà sí oko lọ́dọọdún mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dájú: àwọn aláìlera ni yóò kọ́kọ́ kú, àwọn tí ó bá yè é yóò bímọ, nígbà tí ó bá sì pẹ́, oògùn náà yóò dà bí omi lásán lójú wọn.

BÍ WỌ́N TI Ń DÉ INÚ ILẸ̀

Ọṣẹ kì í gbé lára. Èyí tí a fi para ní àárọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni a ń fi omi ṣàn dànù ní àárọ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Òfin tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2014 sọ pé triclosan inú ọṣẹ ìwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìpín 3 nínú 1,000 lọ. Bí ọṣẹ kan bá wúwo tó gíráàmù 100, tí ó sì ní ìwọ̀n yìí nínú, gíráàmù triclosan tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó 1 rárá. Ìpín 3 nínú 10 gíráàmù ni. Kò jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá ń lo irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ 10 lóṣù yóò da gíráàmù 3 sílẹ̀ lóṣù, yóò sì da gíráàmù 36 sílẹ̀ lọ́dún. Bí ojú kan náà bá ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn sí, ilẹ̀ ibẹ̀ ni yóò ru ẹrù náà.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a rí ọ̀ràn yìí kedere, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó omi ìdọ̀tí jọ. Nínú àwọn ìlú ńlá wọn, páìpù ni ó ń gbé omi balùwẹ̀ àti ti ilé ìgbẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ kí ó tó padà sínú odò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó bá sìlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí oko gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Èrò wọn tẹ́lẹ̀ ni pé sísẹ́ omi yìí ti mú ìpalára kúrò. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé nínú ibi ìsẹ́mi kan, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin triclocarban tí ó wọlé ni ó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láì bàjẹ́. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká náà wá yẹ irú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀ 84 wò láti oríṣiríṣi ìlú, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Wọ́n bá triclocarban nínú gbogbo 84. Wọ́n bá triclosan nínú 79.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, irú páìpù bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n a ní ọ̀nà tiwa. Èkíní ni ojú àgbàrá balùwẹ̀ tí ó ṣàn sí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Èkejì ni àkùrọ̀ tí ó wà lẹ́bàá gọ́tà ní àwọn ìlú ńlá bí Ìbàdàn àti Èkó, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bu omi gọ́tà wọ́n ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kẹta ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a fà láti inú kòtò ilé ìgbẹ́, tí àwọn kan ń dà sí oko nítorí pé ó ń mú ohun ọ̀gbìn tutù yọ̀yọ̀. Omi ọṣẹ gbogbo ilé ni ó pàdé ní àwọn ibi wọ̀nyí.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE NÍBẸ̀

Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún àgbẹ̀ ni èyí: ọjọ́ mélòó ni èròjà yìí ń lò nínú ilẹ̀? Àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà dáhùn ìbéèrè náà ní ọdún 2007. Nínú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, ìdajì triclosan tí wọ́n dà sí i ti bàjẹ́ tán láàárín ọjọ́ 18. Ti triclocarban gba ọjọ́ 108. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ tí wọ́n dí afẹ́fẹ́ mọ́, títí di ọjọ́ 70 tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, méjèèjì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù. Ẹ fi ọkàn sí èyí dáadáa, nítorí pé òun ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ wa. Àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ fúnra wọn ni ó ń tú èròjà náà palẹ̀, wọ́n sì nílò afẹ́fẹ́ láti ṣe é. Ilẹ̀ tí omi dúró sí, tí ó di ẹrẹ̀, tí ó ń rùn, kò ní afẹ́fẹ́ tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ṣe máa ń rí.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà wa ekòló jáde láti inú oko sóyà tí wọ́n ti da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí. Wọ́n bá triclosan nínú ara ekòló náà. Ẹyẹ ń jẹ ekòló, adìẹ wa náà sì ń jẹ ẹ́. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, gbin sóyà sínú ilẹ̀ tí èròjà méjèèjì wà nínú rẹ̀. Gbòǹgbò sóyà fà wọ́n mu, wọ́n gòkè wọ igi àti ewé, a sì rí wọn nínú èso rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé bí triclosan bá pọ̀ nínú ilẹ̀, ìrẹsì àti kùkúńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù kì í dàgbà bí ó ti yẹ, iṣẹ́ àwọn kòkòrò ilẹ̀ náà sì ń dín kù.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ìwọ̀n tí wọ́n lò nínú irú àwọn ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ ju èyí tí ẹ ó bá nínú oko lọ. Ìwádìí ọdún 2009 yìí kan náà fi hàn pé iṣẹ́ àwọn kòkòrò ilẹ̀ tí ó dín kù tún padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ilẹ̀ lè wo ara rẹ̀ sàn bí a bá fún un láyè. Ohun tí ilẹ̀ kò lè fara dà ni kí a máa da èròjà lé èròjà lójoojúmọ́, sí ojú kan náà, kí ti àná tó tán.

OHUN TÍ ÌJỌBA AMẸ́RÍKÀ ṢE

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi òfin de èròjà apakòkòrò 19 nínú ọṣẹ tí ará ilé fi ń fọ ọwọ́ àti èyí tí wọ́n fi ń wẹ̀. Triclosan àti triclocarban wà nínú wọn. Wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ọdún kan láti mú wọn kúrò lọ́jà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é yẹ kí gbogbo ilé mọ̀: wọ́n ti ní kí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ wọ̀nyí mú ẹ̀rí wá pé ọṣẹ wọn dára ju ọṣẹ lásán àti omi lọ, àti pé kò séwu nínú lílò ó lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́. Ẹ̀rí tí ó tó kò jáde.

Ọṣẹ lásán kò nílò láti pa kòkòrò kí ó tó ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń tú ọ̀rá àti ìdọ̀tí tí kòkòrò àrùn fi lẹ̀ mọ́ ara, omi á sì ṣàn wọ́n lọ. Ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá wa ń fi àdín àti eérú èèpo kòkó sè ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ayébáyé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ wa pa ọwọ́ fífọ̀ tì. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun, àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti ilé ìgbẹ́ dé.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Ẹ máa lo ọṣẹ lásán tàbí ọṣẹ dúdú tí a kò po oògùn mọ́. Ó tó fún ìwẹ̀, ó sì tó fún ọwọ́ fífọ̀.

2. Kí ẹ tó ra ọṣẹ, ẹ ka ara páálí rẹ̀, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ ilé ìwé bá yín kà á. Bí ẹ bá rí triclosan tàbí triclocarban níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé òun ni a ń wí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti fi èròjà apakòkòrò mìíràn bíi chloroxylenol àti benzalkonium chloride rọ́pò wọn. Ìlànà kan náà ni kí ẹ lò fún ìwọ̀nyí: ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣàn sórí ohun ọ̀gbìn.

3. Bí dókítà bá ní kí ẹnì kan lo ọṣẹ olóògùn nítorí àrùn ara tàbí egbò, kí ó lò ó títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Kí omi rẹ̀ máa lọ sínú kòtò tí a bò, tí ó jìnnà sí kànga.

4. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi balùwẹ̀ ṣàn sí ìdí ẹ̀fọ́. Bí ó bá jẹ́ omi ọṣẹ lásán, ẹ darí rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá méjì, kí ẹ máa lo ọ̀kan fún oṣù kan kí èkejì sì sinmi. Ẹ ro ilẹ̀ èyí tí ó ń sinmi kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́.

5. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá oko àkùrọ̀ nínú ìlú, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbẹ́ kànga fún omi tí ẹ ó máa wọ́n. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju omi gọ́tà lọ, ìdí ohun ọ̀gbìn ni kí ẹ da á sí, kí ó má kan ewé. Kòkòrò àrùn tí ó bá lẹ̀ mọ́ ewé ṣeé fọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí gbòǹgbò bá ti fà mu, kò sí omi tí yóò fọ̀ ọ́.

6. Ẹ má ṣe da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ilé ìgbẹ́ tútù sí oko, nítorí àrùn àti nítorí èròjà wọ̀nyí. Èyí tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ àti èérún pákó, ẹ kó o jọ sí ibi tí òjò kò ti ní pa á, kí ẹ sì máa yí i padà títí yóò fi jẹrà tán pátápátá. Títú u padà ni yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ẹ má ṣe lò ó fún ẹ̀fọ́.

7. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ tàbí ẹja, ẹ má ṣe da omi apakòkòrò tí ẹ fi fọ ilé adìẹ, tàbí èyí tí ẹ ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, sí oko tàbí sínú odò. Triclosan ń pa àwọn èéhù tútù inú omi tí ẹja kéékèèké fi ń ṣe oúnjẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí omi balùwẹ̀ wọ inú adágún ẹja.

8. Ẹ máa bọ́ ilẹ̀ yín. Ẹ dín iná sísun kù, ẹ jẹ́ kí ewé àti pòròpórò jẹrà sínú oko, kí ẹ sì máa gbin ẹ̀wà láàárín ọ̀gbìn mìíràn. Ilẹ̀ tí kòkòrò rere pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń tètè tú májèlé palẹ̀.

Mo padà lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá wa lẹ́yìn tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti dí ojú àgbàrá àtijọ́, ó sì ti la tuntun sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá ọgbà. Ọṣẹ dúdú ni ó wà lórí òkúta balùwẹ̀ rẹ̀. A jọ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ẹ̀fọ́ náà wò, níbi tí ó ti máa ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹrẹ̀, a sì rí ekòló méjì. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn àlejò mi ti ń dé." Mo sọ fún un pé onílé ni wọ́n, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn ni.

Àwọn baba wa sọ pé ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí a máa wo ohun tí ó wà nínú omi tí a ń dà síwájú, nítorí pé orí ilẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wa yóò gbé kọ ebè tiwọn. Àroko bọ́dún dé o.